Kí Òwò Má Bàa Bá Oníṣòwò Kú

Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò kéékèèké ni a fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní: aláṣọ, aránṣọ, olóúnjẹ, káfíńtà, mẹkáníìkì, oníbúrẹ́dì, àti ẹnikẹ́ni tí ó fi owó díẹ̀ àti agbára apá rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ènìyàn bá rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn, tí ó sì ń ka àwọn pátákó tí a gbé kọ́ sójú ọ̀nà, yóò rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni a kọ “àti Àwọn Ọmọ” mọ́ orúkọ ẹni tí ó ni ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ìrètí ni. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún padà gba ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ogún ọdún, pátákó lè ṣì wà níbẹ̀ tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò sí níbẹ̀, òwò kò sì sí níbẹ̀. Bí a bá béèrè ohun tí ó pa òwò náà, àwọn aládùúgbò yóò ní ọ̀tá ni, tàbí ìjọba ni, tàbí kí wọ́n ní owó ni kò tó. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ọ̀tá, nítorí pé a kò rí i. Ní ti ìjọba àti ti owó, òótọ́ wà níbẹ̀, a óò sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti rí, tí a sì fẹ́ là yé yín, ni pé ọ̀pọ̀ òwò ni kò kú ikú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ní àpò tirẹ̀, kò jẹ́ kí ó ní ìwé tirẹ̀, kò jẹ́ kí ó ní ọwọ́ mìíràn tí yóò máa ṣe é, kò sì jẹ́ kí ó ní orúkọ kan tí ó yàtọ̀ sí orúkọ òun. Bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rí ni òwò bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ó bá bọ́ lẹ́yìn ni yóò ṣubú.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lókè lásán, ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò: iṣẹ́ búrẹ́dì. Ilé tí búrẹ́dì kì í wọ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín wa mọ́, iṣẹ́ náà sì ní ìtàn. Ní ọdún 1913 ni ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà kan tí ń jẹ́ Amos Shackleford wá sí ìlú Èkó láti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Ní ọdún 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Òun ni ó mú ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ inú iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rọ onírin róbótó méjì tí a ń ti ìyẹ̀fun pípò bọ àárín rẹ̀ léraléra títí yóò fi jọ̀lọ̀ bí awọ ara ọmọ tuntun. Bí búrẹ́dì Agége ṣe ń ki tí ó sì ń fà lẹ́nu títí di òní, irú ẹ̀rọ yìí ni ó ń ṣe é. Kí Shackleford tó kú ní ọdún 1954, ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti wo ẹ̀rọ náà, wọ́n ti ń rọ irú rẹ̀, kò sì sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò lè rí i. Iṣẹ́ náà kò kú, ẹ̀rọ kò kú. Ilé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ni ó ń kú.

Ẹ wo bí oníbúrẹ́dì ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun, ní òru ni wọ́n ń dá iná sí ààrò, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọn alágbàtà ti dé pẹ̀lú àtẹ wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, owó ti wọlé, kéékèèké, lọ́tùn-ún lósì, ó sì ti wà ní ìdí ìró. Kò sí òwúrọ̀ kan tí ọwọ́ Màmá Oníbúrẹ́dì ṣófo. Èyí gan-an ni ewu iṣẹ́ náà! Àgbẹ̀ tí ń tà kòkó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ tán. Ẹni tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò tí ó rọrùn ṣe é. Iye tí a óò dá yìí kì í ṣe iye ọjà, a kàn mú un kí ọ̀rọ̀ lè yé wa ni. Bí gbogbo ohun tí Màmá Oníbúrẹ́dì fi ṣe búrẹ́dì òru kan bá jẹ́ 100 náírà, ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, iyọ̀, igi ìdáná àti owó àwọn òṣìṣẹ́ ni mo kó pọ̀, tí ó sì ta búrẹ́dì náà ní 120 náírà, 100 ni ojú owó, 20 ni èrè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ béèrè owó ilé-ìwé, ìyá tú ìdí ìró, ó yọ 15. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kó ọmọ jáde, ó yọ 10. Ó fi 5 se ọbẹ̀. 30 ti lọ, 90 ni ó kù. Ní òru kejì, búrẹ́dì 90 náírà ni ó lè ṣe, èyí sì di 108 bí ó bá tà á tán. Bí ó bá tún yọ 30 nínú rẹ̀, ó ku 78. Ní òru kẹta, 78 di 93 náírà ó lé díẹ̀; ẹ yọ 30, ó ku 63 ó lé díẹ̀. Ní òru kẹrin, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà, yóò ku 46. Ojú owó kò tó ìdajì mọ́ láàárín òru mẹ́rin péré, bẹ́ẹ̀ ni olè kankan kò wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe é ní ibi. Gbogbo ohun tí obìnrin náà fi owó ṣe ni ó dára: ó rán ọmọ ní ilé-ìwé, ó bá ọ̀rẹ́ ṣe, ó bọ́ ilé. Ojú owó ni ó fi ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ó ti pọ̀ jù! Bí ó bá ń rí i pé búrẹ́dì ń dín kù lóru, ṣé kò ní ṣíwọ́ ni?” Kò ní rí i. Àwìn ni yóò bò ó lójú. Ẹni tí ń ta ìyẹ̀fun mọ̀ ọ́n ní oníbàárà àtijọ́, yóò fún un ní báàgì méjì kí ó san ní ọjọ́ Sátidé. Nítorí náà búrẹ́dì kò dín kù lórí àtẹ, gbèsè ni ó ń pọ̀ sí i nínú ìwé onííyẹ̀fun. Ọjọ́ tí onííyẹ̀fun bá ní òun kò lè fún un mọ́ ni gbogbo àdúgbò yóò gbọ́ pé ilé búrẹ́dì ti wó “lójijì”. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójijì níbẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó san owó oṣù fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń san án fún ẹni tí ń dáná. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ni ó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jókòó, tí ó sì ti dá iye kan, bóyá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí iye náà kò sì ju apá kan nínú èrè lọ, iye yẹn ni owó ilé, iye yẹn ni owó ọ̀rẹ́, iye yẹn ni owó aṣọ. Èyí tí ó kù, ti òwò ni. Kí ó wà nínú àpótí mìíràn tàbí ní báǹkì ní orúkọ mìíràn. Bí ilé bá fẹ́ yá nínú rẹ̀, kí ilé kọ ọ́ sílẹ̀ bí àjèjì ti ń kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dun ènìyàn. Ó rọrùn láti jókòó sí ibi tí a wà yìí kí a sì máa sọ fún oníṣòwò pé kí ó má ná owó sí ìnáwó. Bí ìyá rẹ̀ bá kú ńkọ́? Ṣé yóò sọ fún ẹbí pé owó ìyẹ̀fun ni ó wà lọ́wọ́ òun ni? Ẹni tí kì í bá ènìyàn ṣe kò ní rí ènìyàn bá a ṣe, àwọn ènìyàn kan náà yìí ni wọ́n sì ń ra búrẹ́dì. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé kí oníṣòwò di ahun kí ó tó lè là. Ohun tí a lè sọ ni pé ìnáwó kì í ṣe àlejò tí a kò retí. Kò sí ọdún tí kò sí ìkómọjáde, kò sí ọdún tí kò sí òkú àgbà. Ẹni tí ó mọ̀ pé òjò yóò rọ̀ ni ó ń tún òrùlé ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó ní àjọ kan tí ó wà fún ìnáwó nìkan, kí ó sì máa dá a láti inú owó oṣù ara rẹ̀. Bí àjọ náà bá tó fún màlúù, kí ó pa màlúù. Bí kò bá tó ju ewúrẹ́ lọ, ewúrẹ́ náà ní ẹran.

Nígbà tí a ti dárúkọ àjọ, ó tọ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó rò pé báǹkì nìkan ni a ti ń fi owó pamọ́. Ní ti àjọ, alájọ ń wá lójoojúmọ́, ó ń gba iye kan náà, ó ń fàmì sí káàdì, nígbà tí oṣù bá sì parí, ó kó owó fún olówó, ó mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èsúsú yàtọ̀. Àwọn ènìyàn kan ni ó kó ara wọn jọ, gbogbo wọn ń dá iye kan náà, wọ́n sì ń kó o fún ara wọn ní kọ̀ọ̀kan. Samuel Johnson ti ṣe àlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun sì mú un lọ, tí ó fi jẹ́ pé “susu” ni wọ́n ń pè é ní erékùṣù Trinidad títí di òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fi ọkàn sí nínú èsúsú ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o yá owó láìsan èlé, ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ni ó sì yá àwọn yòókù. Nítorí náà, oníṣòwò tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kàn gba ipò tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Kí ó bá ẹgbẹ́ sọ ọ́ ṣáájú pé oṣù báyìí ni òun fẹ́ kó o, ohun báyìí ni òun fẹ́ fi rà. A ti rí ẹni tí ó kó èsúsú ní oṣù Kejìlá, tí ó fi ra aṣọ ọdún, tí ó sì fi oṣù mẹ́sàn-án tí ó tẹ̀ lé e dá owó aṣọ tí ó ti ṣá.

Ó tún ku ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ owó yíyá. Owó tí a óò san padà láàárín oṣù mẹ́ta, a kì í fi ra ẹ̀rọ tí yóò gba ọdún mẹ́ta kí ó tó pa iye ara rẹ̀. Owó kúkúrú fún ìyẹ̀fun, owó gígùn fún ààrò. Ẹni tí ó bá pa wọ́n dà yóò ta ààrò kí ó lè san owó ààrò.

Nípa ìwé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún wa pé òun kò kàwé. Àwọn ìyá wa tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tí ó ni í. Wọn kì í ṣì í! Ìwé méjì péré ni òwò kékeré nílò: èyí tí a ń kọ owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde sí, àti èyí tí a ń kọ orúkọ àwọn tí ó rà á ní àwìn sí. Bí a bá sì ń wá ẹni tí a óò kọ́ ọgbọ́n àwìn lọ́dọ̀ rẹ̀, kí a má lọ jìnnà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ ni a ń pè ní òṣómàáló. Wọ́n ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú àti láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún ènìyàn kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá dá ni wọn yóò sì dé. Ìtàn orúkọ náà ni pé bí onígbèsè bá ní kí òṣómàáló jókòó, yóò ní òun kò jókòó, òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ọkùnrin náà mọ iye tí ó wà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, ó mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gbà á, ó sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwìn kọ́ ni ó ń pa òwò. Àwìn tí a kò kọ, tí a kò dá ọjọ́ fún, tí ojú sì ń ti ẹni tí ó ni owó láti béèrè, ni ó ń pa á. Oníbúrẹ́dì tí ó ní alágbàtà ogún, tí gbogbo wọn sì jẹ ẹ́ ní owó ọjọ́ kan, ti fi òwò rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Kí ó ṣe òfin kan tí kò lójú àánú: ẹni tí kò san ti àná kò ní gbé ti òní. Bí alágbàtà bá bínú lọ, ó dára kí ó bá ti àná nìkan lọ ju kí ó bá ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

A ti ṣèlérí pé a óò dé orí ọ̀rọ̀ ìjọba. Àlìkámà tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun, láti òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1987, ìjọba ológun fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé, ọdún 1992 ni wọ́n sì tó tú u. Ìyẹ̀fun wọ́n bí ojú, ilé búrẹ́dì púpọ̀ sì ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba dẹ ọwọ́ lórí iye owó náírà. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báǹkì ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,500 náírà ní oṣù Kejì ọdún 2024. Kò sí ọgbọ́n tí oníbúrẹ́dì ní Òṣogbo tàbí ní Abẹ́òkúta lè dá tí yóò fi dá irú ìjì bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà tí ìjì bá ń jà, òun ni ó sì ń gbé wọn lọ.

Ẹ padà sí ìṣirò wa. Màmá Oníbúrẹ́dì ra ohun èlò ní 100, ó ta búrẹ́dì ní 120, ó ní òun jèrè 20. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọjà láti ra òmíràn, ohun èlò kan náà ti di 125. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ra ohun tí ó tà mọ́. Kò jèrè 20, ó pàdánù 5, èrè tí ó sì rò pé òun jẹ ni ó fi fọ́ ojú owó. Nígbà tí ọjà kò bá dúró sí ojú kan, kì í ṣe iye tí a fi ra nǹkan ni a fi ń díye lé e, bí kò ṣe iye tí a óò fi rà á padà. Àwọn oníbàárà yóò kùn, òótọ́ ni. Nítorí ìkùnsínú wọn ni ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì kì í fi owó lé e, tí wọ́n kàn ń dín búrẹ́dì kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹ̀kúnwọ́ kan. Èmi kò rò pé ó dára. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ pé búrẹ́dì òní kò tó ti àná, ẹni tí a bá sì tàn ní ìwọ̀n kò tún ní gba adùn rẹ̀ gbọ́. Kí a sọ iye tuntun fún wọn, kí a sì sọ ìdí rẹ̀.

Ní ti ọwọ́ tí ń ṣe iṣẹ́, a ó yára. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ òṣùwọ̀n yíìsì àti ṣúgà. Òun nìkan ni yóò wọ̀n ọ́n, ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ náà yóò gba fúríìdọ̀mù tán, yóò sì lọ ṣí tirẹ̀ sí ìkángun àdúgbò. Ẹ̀rù náà tọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí. Ṣùgbọ́n ibà kan ṣoṣo ni ó kù fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kí ààrò rẹ̀ tó tutù. Kí ó kọ́ ẹni méjì, kí ó san owó tí yóò mú kí ọ̀kan nínú wọn dúró, kí ó sì ṣètò pé ẹni tí ń ka búrẹ́dì jáde kì í ṣe ẹni tí ń gba owó. Kì í ṣe pé a fura sí wọn. Bí ọwọ́ kan bá ń ṣe méjèèjì, ọjọ́ tí owó bá dín kù, olóòótọ́ pàápàá kò ní rí ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá ku ikú fúnra rẹ̀. Bí bàbá tí ó ni ilé búrẹ́dì bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ó sì fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni àṣà wa mọ̀: ìdí-igi, tí a ń pín ogún sí iye ìyàwó tí ó bímọ fún un, àti orí-ò-jorí, tí a ń pín in sí iye ọmọ. Ọkùnrin kan kú ní Èkó ní ọdún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, àríyànjiyàn lórí bí a óò ṣe pín ogún rẹ̀ kò sì tán títí ó fi dé ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ìdí-igi ni wọ́n gbé lárugẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ilé ni a lè pín ní yàrá yàrá, owó ilé náà ṣeé pín. Ẹ sọ fún mi, báwo ni a ti ń pín ààrò sí mẹ́ta? Ìdí-igi kan gbé ẹ̀rọ, èkejì gbé mọ́tò, ẹ̀kẹta jókòó ti ààrò tí kò ní ẹ̀rọ tí kò sì ní mọ́tò. Láàárín oṣù mẹ́fà wọ́n ti tà á bí irin, ìjà sì ti wọ inú ẹbí. Ibí yìí ni “àti Àwọn Ọmọ” ti ń parí.

Òfin fún wa ní ọ̀nà kan tí àwọn bàbá wa kò ní. Bí ẹ bá kàn forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, tí àwọn ènìyàn ń pè ní CAC, ẹ ti ní orúkọ, ẹ sì lè fi orúkọ náà ní àpò ní báǹkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti òwò ṣì jẹ́ ọ̀kan lójú òfin. Gbèsè rẹ̀, gbèsè yín ni. Kọ́ńpìnnì yàtọ̀. Kọ́ńpìnnì jẹ́ ẹni kan lójú òfin: ó lè ní ilẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, kì í sì í kú nígbà tí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ bá kú. Lábẹ́ òfin ọdún 1990, ó kéré tán ènìyàn méjì ni ó gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin tuntun ti jáde ní ọdún 2020, ẹnìkan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ yóò pín ni ìpín owó inú kọ́ńpìnnì, kì í ṣe ààrò. Ìdí-igi kan lè ní ìdámẹ́ta, òmíràn ìdámẹ́ta, kí iná má sì kú ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, bí a bá ti yan ẹni tí yóò máa darí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyọnu kọ́ńpìnnì, kí ó ṣe ìwé ìhágún, kí ó dárúkọ ọmọ tí ilé búrẹ́dì yóò bọ́ sí lọ́wọ́, kí ó sì sọ ohun tí ọmọ náà yóò san fún àwọn yòókù. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ní àkókò kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tí ó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé náà lè pàdánù ohun tí a há fún un nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ má pe ọmọ tí ẹ fẹ́ fi ààrò sílẹ̀ fún wá fọwọ́ sí i. Ẹ pe aládùúgbò méjì.